Ẹni tí ó Mọ̀, tí ó sì Lọ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ìwé yìí yóò tẹ̀ lọ́wọ́, gbèsè kan wà ní ọrùn wa tí ó ti pẹ́, a kò sì rí ibòmíràn tí a lè gbé san án bí kò ṣe ojú ewé yìí.

Ní àkókò tí a ń wí yìí, olùkọ́ ọ̀dọ́ ni wá ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan, kíláàsì karùn-ún ni a sì ń kọ́. Bí Ọjọ́ Àjíǹde ti ń súnmọ́ etílé, a ní kí àwọn ọmọ ṣe eré Ìjìyà Olúwa níwájú àwọn òbí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fẹ́ jẹ́ Pétérù nítorí idà. Àwọn tí ó ga fẹ́ jẹ́ ọmọ ogun Róòmù nítorí àṣíborí páálí tí a fi ọ̀dà kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Júdásì, gbogbo kíláàsì dákẹ́ jẹ́ẹ́, olúkúlùkù ń wo ilẹ̀. Àwa ni a na ìka sí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn. Kí a má purọ́, a mọ ìdí tí ìka wa fi lọ síbẹ̀. Baba ọmọ náà ti kú, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ ní ọ̀nà jíjìn, kò sì sí ẹni tí yóò wá bá wa jà pé a fi orúkọ burúkú kan ọmọ òun.

Eré náà dára. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Júdásì ní odò, ní pápá, àti ní ojú ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dìde ní àárín ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó wí pé, “Tíṣà, ẹ kọ́ wa pé Jésù ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹnìkan yóò fi òun hàn. Bí ó bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, tí ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Júdásì? Bí ó bá sì jẹ́ pé Jésù fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ kú, ta ni ó pa á?”

A dáhùn pé, “Jókòó. Ọmọdé kì í pe Ọlọ́run lẹ́jọ́.” Ó sì jókòó. Àwọn tí ó kù rẹ́rìn-ín. A ṣí ìwé sí orí tí ó tẹ̀ lé e, bí ẹni pé Ọlọ́run ni a gbèjà, nígbà tí ó jẹ́ pé àìmọ̀ ti ara wa ni a ń bò ní àṣírí. Kí ọdún náà tó parí, ọmọ náà bá ìyá rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn.

Ohun tí ó mú wa padà sí ìbéèrè náà kì í ṣe ìwàásù, kì í sì í ṣe ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ikú ìyá wa ni.

Bí oṣù mẹ́rin ni ìyá wa fi ṣàìsàn. Ó mọ̀ pé òun ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí a súnmọ́ òun, ó wí pé, “Ọmọ mi, àìsàn yìí kò ní jẹ́ kí n bá yín ṣe ìkórè ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀—” A kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. A ké pé, “Háà, Ìyá, ẹ má wí bẹ́ẹ̀! Ọlọ́run má jẹ́ ẹ́! Ẹ̀yin ni ẹ ó kó ọmọ ọmọ yín lọ sí ìkórè.” Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yí ojú sí ògiri. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn èyí. Ní ìgbà ìkẹyìn, àdúrà ni a bẹ̀rẹ̀ sí gbà ní ohùn rara kí a má bàa gbọ́. Ìyá wa kò rí ìkórè náà. Títí di òní, a kò mọ ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ, bóyá ti ilẹ̀ ni, bóyá ti gbèsè ni, bóyá ìbùkún lásán ni.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ náà rọlẹ̀, a ń ka Ìhìnrere Máàkù ní òru ọjọ́ kan, a sì dé orí kẹjọ, ibi tí Olúwa ti kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun yóò jìyà, pé àwọn àgbààgbà àti olórí àlùfáà àti akọ̀wé yóò kọ òun, pé a ó pa òun, àti pé òun yóò jíǹde. A kà á dé ibi tí Pétérù ti mú un lọ sí apá kan tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bá a wí. Ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ wa. Àwa ni Pétérù yẹn.

Títí di òru náà, ojú òmùgọ̀ ni a fi ń wo Pétérù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe. Kò bá Ọ̀gá rẹ̀ wí ní gbangba. Ó mú un sí kọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a kọ́ nílé. Mátíù jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa lẹ́bàá ibùsùn ìyá wa: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ. Ọmọ Yorùbá wo ni, bí àgbà bá dárúkọ ikú ara rẹ̀, tí kò ní fi irú ọ̀rọ̀ yẹn dí i lẹ́nu? Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò fẹ́ gbọ́ ni, ìfẹ́ tí ó ń dáàbò bo ọkàn olùfẹ́ ju ẹni tí a fẹ́ lọ. Olúwa sì dá a lóhùn kíkankíkan, ó pè é ní Sàtánì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń rò ó pé ìdáhùn náà le jù. Nísinsin yìí, ó dàbí ẹni pé ó le bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ Pétérù dùn létí rẹ̀. Ẹni tí ìdánwò kò tíì wọ̀ lára kì í fi irú agbára bẹ́ẹ̀ tì í sẹ́yìn. Ọ̀nà àbùjá tí a fi hàn án ní aginjù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún ń tọ́ka sí.

Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ara balẹ̀ tẹ̀ lé Olúwa ní ojú ọ̀nà náà. Agbègbè Kesaréà ti Fílípì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ẹsẹ̀ Òkè Hámónì, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn orísun Odò Jọ́dánì ti ń tú jáde láti ìsàlẹ̀ àpáta, tí àwọn Gíríìkì sì ti kọ́ ojúbọ fún òrìṣà wọn kan tí ń jẹ́ Pan. Bí a bá fi okùn wọ̀n ọ́n tààrà, ibẹ̀ ju 100 máìlì lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó sọ ọ́ níbẹ̀, ó tún sọ ọ́ bí wọ́n ti ń la Gálílì kọjá (Máàkù 9:31), ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí wọ́n ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù (Máàkù 10:33 àti 34). Nígbà kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń fi ohun mìíràn dáhùn. Lẹ́yìn ti èkejì, wọ́n ń jiyàn nípa ẹni tí yóò ṣe olórí láàárín wọn. Lẹ́yìn ti ẹ̀kẹta, Jákọ́bù àti Jòhánù wá bẹ̀bẹ̀ fún àga ọwọ́ ọ̀tún àti àga ọwọ́ òsì. Mátíù tilẹ̀ wí pé ìyá wọn ni ó wá tọrọ rẹ̀. Àwa tí a ti rí bí àwọn ìyá kan ti ń wá bẹ olùkọ́ nítorí ipò ọmọ wọn ní kíláàsì kò nílò àlàyé lórí èyí.

A kíyèsí i pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ náà ń kún sí i. Èyí tí ó kẹ́yìn kún jù lọ nínú Máàkù: a ó fi í lé àwọn olórí àlùfáà lọ́wọ́, wọn yóò dá a lẹ́bi ikú, wọn yóò fi í fún àwọn Kèfèrí, a ó fi í ṣe ẹlẹ́yà, a ó tutọ́ sí i lára, a ó nà án, a ó sì pa á. Nínú ìsọtẹ́lẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí, Mátíù nìkan ni ó dárúkọ àgbélébùú, nínú èyí tí ó kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ni ó parí sí àjíǹde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ ìparí náà. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn rí. Bí etí bá ti gbọ́ “ikú”, a kì í gbọ́ ohun tí ó tẹ̀ lé e mọ́.

Máàkù sọ gbólóhùn kan níbẹ̀ tí a máa ń sáré kọjá: pé Jésù ni ó ń lọ níwájú, ẹnu sì ń ya àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tí ń tẹ̀ lé e. Láti Jẹ́ríkò dé Jerúsálẹ́mù tó máìlì 17, òkè ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ń rìn ín ń gun ohun tí ó ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ sókè, láàárín àpáta gbígbẹ. Ẹni tí a ń fà lọ sí ibi ikú kì í ṣíwájú àwọn tí ń fà á.

Àwọn kan wà, àti nínú àwọn olùkọ́ pàápàá, tí wọ́n ń wí pé Jésù kò sọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, pé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ ni àwọn tí ó kọ Ìhìnrere fi í sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí a lè fi ìbínú dáhùn, nítorí òtítọ́ ni pé a kọ Ìhìnrere lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ayé tí ó gbé. Hẹ́rọ́dù Áńtípà ti bẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Josephus, òpìtàn àwọn Júù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní, kọ ọ́ pé ní ilé olódi Mákérù ni a ti pa á. Josephus kan náà kọ ọ́ pé lẹ́yìn ikú Hẹ́rọ́dù Ńlá, ní ọdún 4 ṣáájú Olúwa wa gẹ́gẹ́ bí a ti ń kà á, Varus, ajẹ́lẹ̀ Róòmù, kan bí 2,000 Júù mọ́ àgbélébùú nítorí ọ̀tẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Jésù sọ̀rọ̀ nípa gbígbé àgbélébùú, kò sí ará Gálílì kan tí ó béèrè ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wòlíì tí ó bá ti rí ikú Jòhánù, tí ó sì tún kọjú sí Jerúsálẹ́mù, kò ní ṣàì mọ ohun tí ń dúró dè é. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí àwọn àpọ́sítélì bá fẹ́ hun ìtàn ẹ̀yìn ọ̀la, ṣé wọn yóò fi ìtìjú ara wọn kún un ní ìgbà mẹ́ta? A kò rò bẹ́ẹ̀.

Ìwé Mímọ́ tún wà níwájú rẹ̀. Ó ka Aísáyà. Ní alẹ́ ìkẹyìn, Lúùkù wí pé ó fa ọ̀rọ̀ kan yọ nínú orí 53 ìwé náà, nípa ẹni tí a kà mọ́ àwọn arúfin, ó sì wí pé ó gbọ́dọ̀ ṣẹ sí òun lára. Ìránṣẹ́ tí orí náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a kẹ́gàn, tí ó ru ìbànújẹ́ ẹlòmíràn, tí kò sì la ẹnu nígbà tí a ń fà á lọ bí àgùntàn. Ní 1947, àwọn darandaran rí àwọn ìwé kíká àtijọ́ nínú ihò àpáta kan lẹ́bàá Òkun Iyọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni odindi ìwé Aísáyà, gígùn rẹ̀ tó 24 ẹsẹ̀ bàtà, orí 53 sì wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé a dà á kọ ní ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí a tó bí Jésù. Nítorí náà kò sí Kristẹni kan tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀.

Síbẹ̀ kí a má ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba sí gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ Júù kà á sí Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí ìyà jẹ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ní ẹsẹ̀ tí wọ́n dúró lé, nítorí Aísáyà 49:3 pe Ísírẹ́lì ní ìránṣẹ́. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, tí ó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó ń ka orí kan náà, béèrè lọ́wọ́ Fílípì pé ta ni wòlíì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ni tàbí ẹlòmíràn. A fẹ́ràn ìwẹ̀fà náà. Fílípì kò sọ fún un pé kí ó jókòó.

Nísinsin yìí ni a dé ibi tí ó ṣòro. Mímọ̀ kì í ṣe gbígbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ pé ibi ń bọ̀ tí wọn kò sì rí ọ̀nà sá. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé Jésù fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, tí kì í ṣe pé a ká a mọ́?

Ẹ bá wa lọ sí Gẹtisémánì. Ìtumọ̀ orúkọ ibẹ̀ ni ibi tí a ti ń fún òróró, nítorí igi ólífì ni ó kún orí òkè náà. Àfonífojì Kédrónì ni ó là á láàárín òun àti ìlú. Jòhánù wí pé àwọn tí ó wá mú un gbé àtùpà àti ògùṣọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá wà ní ẹsẹ̀ òkè náà ní òru yóò rí iná bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń ti ẹnu ọ̀nà ìlú sọ̀kalẹ̀ wá sí àfonífojì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè wà. Ní òdì kejì òkè ni Bẹ́tánì, níbi tí ó ti ní ọ̀rẹ́, kò tó máìlì méjì. Aginjù Jùdíà sì tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Bẹ́tánì, níbi tí Dáfídì ti sá pamọ́ fún Sọ́ọ̀lù ní ìgbà àtijọ́. Ẹsẹ̀ tí ó lè sá wà. Àkókò wà. Òkùnkùn wà. Ó dúró.

Ṣùgbọ́n kò dúró bí òkúta. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọdún wọ̀nyẹn ni pé Jésù mọ̀ pé òun yóò jíǹde, nítorí náà kò bẹ̀rù. A tọrọ àforíjì. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nínú Máàkù. Ẹ̀rù bà á, ọkàn rẹ̀ dàrú, ó dojú bolẹ̀, ó bẹ Baba rẹ̀ pé bí ó bá ṣeé ṣe kí a gba ago náà kúrò lọ́wọ́ òun, ó sì padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta wá wo àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ní kí wọ́n bá òun ṣọ́nà, ó bá wọn lójú oorun. Ẹni tí ó fẹ́ kú kọ́ nìyí. Kò fẹ́ràn ikú, kò wá ìyà kiri bí ẹni ń wá oyè. Ohun tí ó fẹ́ ni ìfẹ́ Baba rẹ̀ àti ìgbàlà àwọn tí ó fẹ́ràn. Ikú wà lójú ọ̀nà náà, kò sì yà fún un. Ìyá tí ó ń rọbí kò fẹ́ràn ìrora. Ọmọ ni ó fẹ́. Bí a bá sọ fún àwọn ọmọ wa pé Olúwa fẹ́ràn ìyà, a ó kọ́ wọn láti má gbèjà ẹni tí a ń jẹ níyà, èyí sì ti ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé kan tí a mọ̀, níbi tí a ti fi àgbélébùú pa ìyàwó tí ọkọ ń lù lẹ́nu mọ́.

Ẹnìkan wà nínú Ìhìnrere tí ó sọ̀rọ̀ ẹbọ kí ẹbọ tó wáyé, tí a kì í ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Káyáfà ni, olórí àlùfáà. Nínú Jòhánù orí 11, ó sọ fún ìgbìmọ̀ pé ó sàn kí ẹnìkan kú fún àwọn ènìyàn ju kí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣègbé lọ. Jòhánù wí pé àsọtẹ́lẹ̀ ni ó sọ láìmọ̀. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó dàbí ẹni pé òun àti Jésù ń kọ́ni: ẹnìkan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ọ̀kan lọ. Káyáfà ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn tọrẹ.

Ní ilẹ̀ tiwa, a mọ irú ọrẹ bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson kọ ìtàn Mọremí ti Ilé-Ifẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, bí obìnrin akíkanjú náà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹsìnmìnrìn kí ó lè gba ìlú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Ìgbò tí ń kó wọn lẹ́rú, tí odò kò sì gba nǹkan mìíràn bí kò ṣe Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. A kò ní kẹ́gàn Mọremí láé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà ní ọmọdé tí a ń gbọ́ ìtàn náà, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni ọkàn wa máa ń lọ: ta ni ó bi í léèrè? Ábúráhámù pẹ̀lú, nígbà tí ó gbé igi ìsun lé Ísákì léjìká, kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ti ń rúbọ láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí yóò kú. Nínú Jòhánù orí 10 ni a ti gbọ́ ẹnìkan tí ó wí pé kò sí ẹni tí ó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun tìkára òun ni ó fi í lélẹ̀.

Àti nígbà tí ó fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún Jákọ́bù àti Jòhánù, ọ̀rọ̀ ọjà ni ó lò. Ó wí pé òun wá láti fi ẹ̀mí òun ṣe ìràpadà. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ́ kí lílò ojoojúmọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí di kíkùjọ́ lẹ́nu yín. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, àwọn tí yóò kà á mọ ohun tí ìràpadà jẹ́. Crowther fúnra rẹ̀ ni a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí a tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ó ju ogún ọdún lọ kí ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Ní ìgbà ogun wọ̀nyẹn, ìdílé tí a bá kó ọmọ wọn yóò ta aṣọ, yóò ta oko, àwọn mìíràn yóò fi ara wọn ṣe ìwọ̀fà, kí wọ́n lè ru owó ẹyọ lọ ra ènìyàn wọn padà. Ẹni tí ó bá sì ka Máàkù 10:45 ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwé ìtumọ̀. Ó mọ̀ pé ẹnìkan san án, àti pé kò sí ẹni tí ó fi agbára mú un san.

Ó ku Júdásì.

A ti ronú lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn tí a ní kò sì pé. Bí òjò bá ti rọ̀, tí ìyá sì wí fún ọmọ rẹ̀ tí ń sáré pé, “O ó ṣubú,” tí ọmọ náà sì ṣubú, kì í ṣe ìyá ni ó tì í. Àpẹẹrẹ náà tiro, a mọ̀, nítorí mímọ̀ Ọlọ́run jinlẹ̀ ju ti ìyá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Nínéfè: Jónà sọ tẹ́lẹ̀ pé a ó bì í ṣubú ní ogójì ọjọ́, wọ́n yípadà, a kò sì bì í ṣubú. Ìsọtẹ́lẹ̀ nínú Bíbélì kì í sábà jẹ́ ìlẹ̀kùn tí a ti, ìpè ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ní orí tábìlì kan náà, ènìyàn méjì ni Olúwa sọ ìṣubú wọn tẹ́lẹ̀. Pétérù ni èkejì. A sọ fún un pé yóò sẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó sì sẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nínú Lúùkù, ẹni tí ó sọ ìṣubú rẹ̀ ti sọ àdúrà tí òun gbà fún un ná, àti ohun tí yóò ṣe fún àwọn arákùnrin rẹ̀ nígbà tí ó bá padà. Pétérù sunkún, ó sì padà. Júdásì pẹ̀lú kábàámọ̀. Mátíù wí pé ó kó ọgbọ̀n owó fàdákà náà padà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn olórí àlùfáà ni ó gbé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ lọ, wọ́n sì dá a lóhùn pé kí ni ó kàn wọ́n. Ó jáde, ó sì so ara rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa ń rò ó pé bí ó bá dúró di ọjọ́ kẹta ńkọ́?

Nípa ìbéèrè kejì, pé ta ni ó pa á, ìwàásù Pétérù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì so ọ̀ràn méjèèjì pọ̀ nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, láìgbìyànjú láti tú u: Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó sì ti pinnu rẹ̀, ènìyàn sì fi ọwọ́ búburú ṣe é. A ti gbìyànjú láti tú u fún un, okùn náà kò tú. Ìbá ti dára jù bí a bá ti sọ èyí fún ọmọ náà ní ọjọ́ yẹn, pé ìbéèrè rẹ̀ dàgbà ju Tíṣà rẹ̀ lọ.

Ní ọdún tí ó kọjá, a lọ sí ìsìnkú ọ̀rẹ́ wa kan ní ìlú tí kò jìnnà. Bí a ti jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wa. Ó wí pé, “Ẹ kú ìrìn, Tíṣà. Júdásì yín rèé.” Àwọn tí ó dúró bú sẹ́rìn-ín, kò sì yé wọn ìdí tí omi fi lé ròrò sí wa lójú. A fà á lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, a ní kí ó tún ìbéèrè náà bi wá. Ó ní òun kò gbàgbé rẹ̀. Gbogbo ohun tí a kọ sí òkè yìí ni a sọ fún un, pẹ̀lú ti ìyá wa, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó wí pé, “Ẹ ṣeun, Tíṣà. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi báyìí. A máa ń ṣe eré náà ní ọdọọdún. Èmi fúnra mi ni mo máa ń jẹ́ Júdásì. N kì í fún ọmọ ẹnikẹ́ni.”

Wọ́n ń pè wá pé kí a wá jẹun. Ó gbé àga wa, ó sì ṣíwájú.